Obìnrin Tó Ń Wẹ Òkú Nígbà Onígbáméjì

Ní apá ibi tí Àwáwù ń gbé ní Ṣakí, bí obìnrin mùsùlùmí kan bá dákẹ́, kí wọ́n tó ránṣẹ́ pe àfáà ni wọ́n á ti ránṣẹ́ pè é. Iṣẹ́ rẹ̀ ni láti wẹ òkú obìnrin. Ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ ló kọ́ ọ níṣẹ́ náà nígbà tó ti di opó, tí kò sì ní ju ọmọbìnrin kan ṣoṣo lọ láyé. Tàwàkálítù ni wọ́n sọ ọmọ náà, ṣùgbọ́n Táwà ni gbogbo èèyàn ń pè é, Ìyá Táwà sì ni wọ́n ń pe Àwáwù.

Ẹnu obìnrin náà dùn púpọ̀. Bí ìyàwó ilé kan bá ń yan kọjá lójúde rẹ̀ láìkí i, á ní, "Máa lọ o, ìyàwó. Bó pẹ́ bó yá, o ó dùbúlẹ̀ fún mi." Àwọn tó bá wà níbẹ̀ á rẹ́rìn-ín, wọ́n á sì rọra wá ọ̀nà àtilọ. Àwọn kan kì í gba obì lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ̀ wọ́n báyìí, àwọn kan náà ni wọ́n á sáré wá kúnlẹ̀ síwájú rẹ̀. Ọmọ aráyé ò ṣeé gbọ́ tiwọn tán.

Ó mọ iṣẹ́ náà dunjú. Omi lílọ́ wọ́ọ́rọ́ ló ń lò, pẹ̀lú ọṣẹ àti òwú, apá ọ̀tún ló sì fi ń bẹ̀rẹ̀. Kì í jẹ́ kí ìhòòhò òkú hàn síta. Yóò fi aṣọ bò ó, yóò ti ọwọ́ bọ abẹ́ aṣọ, yóò máa wẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń wẹ ọmọ tuntun. Àwọn ọkùnrin ilé á ti gbẹ́ kòtò sẹ́yìnkùlé kí omi ìwẹ̀ náà lè wọ ibẹ̀, nítorí èèyàn kò gbọdọ̀ tẹ omi òkú mọ́lẹ̀. Ìyá Bàṣírù, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń gbé agbolé, ló máa ń bá a bu omi. Àwáwù máa ń sọ fún un pé òkú tí a bá wẹ̀ dáadáa kì í bínú sí ẹnikẹ́ni.

Nígbà tí Táwà dàgbà, ó fẹ́ Ràsáàkì tó ń ta ẹ̀wà. Ọmọ òdìkejì bodè ni ọkùnrin náà, láti ìlú kékeré kan ní ilẹ̀ Dàhòmì. Yorùbá ni wọ́n ń sọ níbẹ̀ bíi tiwa, àfi pé èdè Faransé ni ìjọba fi ń bú wọn. Ewúrẹ́ ò mọ ibi tí ààlà náà wà, ọmọdé ò mọ̀ ọ́n, bẹ́ẹ̀ ni Àwáwù náà ò kà á sí. Bó bá fẹ́ rí ọmọ rẹ̀, ó kàn ń wọ ọkọ̀ akẹ́rù ni, á sì fẹsẹ̀ rin ìyókù.

Ìbọn ogun abẹ́lé ṣẹ̀ṣẹ̀ dákẹ́ ni onígbáméjì dé. Ẹni tó jí láàárọ̀ tó ń fọ ẹnu, kó tó di ìrọ̀lẹ́, ìgbẹ́ gbuuru àti èébì á ti fa ojú rẹ̀ wọlé. Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni àrùn náà dé, ó dé Dàhòmì pẹ̀lú, ṣùgbọ́n bí ìjọba méjèèjì ṣe gbá a mú kò jọra rárá.

Ní tiwa, rédíò ní kí a máa se omi kí a tó mu ún. Àwọn wolé-wolé gun alùpùpù kiri, wọ́n ń da oògùn sínú kànga. Ọjà kò tì, ọ̀nà kò dí. Bí èèyàn bá kú, wọ́n á ní kí àwọn ẹbí tètè sin ín, kí wọ́n sì fọ ọwọ́ wọn. Ní òdìkejì, wọ́n fa okùn dí ọ̀nà, wọ́n ti ọjà pa. Wọ́n kọ́ ahéré sínú igbó, inú rẹ̀ ni wọ́n ń kó ẹni tó bá ń ṣàìsàn sí, òun àti gbogbo ará ilé rẹ̀. Èyí tó bá kú níbẹ̀, ìjọba ló ń sin ín. Wọ́n á da ẹfun apakòkòrò lé e lórí, ó tán. Kò sí ìwẹ̀, kò sí aṣọ funfun, kò sí ẹbí.

Ràmọ́nì tó ń ta iṣu, tí ilé rẹ̀ fara kan ti Àwáwù, kò yé sọ ọ́ lẹ́nu. "Ẹ wo àwọn ará Dàhòmì bí wọ́n ṣe ń kó èèyàn pamọ́ bí ẹran," ló máa ń wí lójúde mọ́ṣáláṣí. "Ìjọba tiwa mọ̀ pé èèyàn ni wá."

"Ràmọ́nì, iṣu rẹ lò ń rò," ni Àwáwù dá a lóhùn. "Bí wọ́n bá ti ọjà lọ́la, ẹnu rẹ á yí padà."

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Wọn ò tíì mọ nǹkan tó ń bọ̀.

Ọ̀sẹ̀ náà kò tíì parí tí ọkùnrin kan tó gba ọ̀nà igbó wọlé láti Dàhòmì fi wá bá Àwáwù nílé. Ó ní Táwà wà nínú ahéré ìjọba, ara rẹ̀ kò sì yá. Àwáwù kò bèèrè ọ̀rọ̀ kejì. Ó di aṣọ mélòó kan àti ọṣẹ sínú igbá, ó gbọ̀nà.

Okùn ló bá lójú ọ̀nà, tí wọ́n so mọ́ igi emi méjì. Ṣọ́jà kan tó gbé ìbọn kọ́ apá dúró lábẹ́ ibòji. Lẹ́yìn okùn náà, Àwáwù ń wo ahéré tí wọ́n fi koríko bò lọ́ọ̀ọ́kán, kò sì gbọ́ ohùn kankan níbẹ̀. Ọkùnrin kan tó wọ aṣọ funfun dìde wá bá a. Oyèlékè ni orúkọ rẹ̀, ó ń ṣiṣẹ́ fún àwọn dókítà wọn, ọmọ Ṣábẹ̀ ni.

"Ẹ má sún mọ́ okùn yẹn, màmá."

"Ọmọ mi ló wà níbẹ̀. Tàwàkálítù, ìyàwó Ràsáàkì."

Ọkùnrin náà ṣí fìlà rẹ̀. Ó ní, "Ẹ jókòó ná, màmá."

Ibi tó ti ní kó jókòó ni ọ̀rọ̀ ti yé Àwáwù. Ọ̀pọ̀ ọdún ló ti fi gbọ́ bí wọ́n ṣe ń túfọ̀ fún ẹlòmíràn. Kò jókòó.

"Ṣé ẹ ti sin ín?"

"Ó di ìrọ̀lẹ́, màmá."

"Ẹ jẹ́ kí n wẹ̀ ẹ́. Iṣẹ́ mi ni. Mi ò ní pẹ́."

"Òfin ò gbà á. Omi ni àrùn yìí ń bá rìn. Omi tí ẹ bá fi wẹ̀ ẹ́, òun ló máa pa ẹlòmíràn. Ẹ ó sì gbé e délé."

"Ṣé bí wọ́n ṣe ń bo òkú ajá mọ́lẹ̀ lẹ fẹ́ bo ọmọ mi ni?"

Àwáwù wá rántí ohun tí ẹ̀gbọ́n ìyá rẹ̀ kọ́ ọ. Níbi tí omi kò bá ti sí, tàbí tí omi kò ṣeé lò, iyẹ̀pẹ̀ tó mọ́ lè dípò omi fún alààyè àti fún òkú. Èèyàn á fi àtẹ́lẹwọ́ lu iyẹ̀pẹ̀ náà, á gbọ̀n ọ́n, á fi pa òkú lójú, á fi pa á lọ́wọ́, Ọlọ́run á sì gbà á. Ó ṣàlàyé rẹ̀ fún Oyèlékè. Ó ní kó jẹ́ kí òun ṣe ìyẹn nìkan.

Oyèlékè wo ṣọ́jà tó wà lẹ́yìn rẹ̀. Ó mi orí. "A ò gbọdọ̀ jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn wọ́n, màmá. Ẹ má bínú."

Àwáwù tú gèlè rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sẹ́bàá ọ̀nà, ó fọwọ́ ha ilẹ̀ títí ó fi kan iyẹ̀pẹ̀ tí ẹsẹ̀ kò tẹ̀ rí, ó bu ẹ̀kúnwọ́ kan sínú gèlè náà, ó so ó. "Bá mi dà á sí i lójú," ló wí. "Kí o pe orúkọ Ọlọ́run sí i. Bí ìyá tìrẹ bá wà láyé, bá mi ṣe é."

Ọkùnrin náà gbà á. Ó gbé e wọ ọ̀nà ahéré lọ, Àwáwù kò sì tún fojú kàn án mọ́. Nígbà tó yá, ó rí àwọn tó gbé òkú kan jáde tí wọ́n fi ẹní wé, ó rí ẹfun tó ń rú bí èéfín láàárín igi. Lẹ́yìn náà ni ṣọ́jà lé e kúrò níbẹ̀. Kò mọ̀ bóyá Oyèlékè da iyẹ̀pẹ̀ náà sí ọmọ rẹ̀ lójú, tàbí ó jù ú sẹ́yìn ahéré tòun ti gèlè.

Nílé, wọ́n ṣe fídáù láìsí sàréè. Àwọn èèyàn wá kí i. Obìnrin kan ní kó má sunkún mọ́, pé ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù, pé omi tó ti dà fún ọmọ ọlọ́mọ kò ní lọ lásán. Ọ̀rọ̀ náà wọ̀ ọ́ lára bí ẹ̀gún. Ta ló da omi síwájú tó òun? Ilẹ̀ wo wá ni Táwà tẹ̀? Wọ́n máa ń sọ pé ọmọ ẹni kú, ó sàn ju ọmọ ẹni nù lọ. Tirẹ̀ kú, ó tún nù. Ó ṣépè fún ìjọba Dàhòmì títí ohùn rẹ̀ fi há.

Ó sì bẹ̀rẹ̀ sí rí i. Ọ̀sán gangan ni, kì í ṣe lójú oorun. Ó fẹ́ bu omi nínú àmù, ó sì rí Táwà tó dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ètè rẹ̀ gbẹ, ẹfun wà nínú irun rẹ̀. Kò sọ̀rọ̀, kò sì wo ìyá rẹ̀, omi ló ń wò. Bí Àwáwù bá na igbá sí i báyìí, kò ní sí níbẹ̀ mọ́. Ẹ̀rù rẹ̀ kò bà á, àánú rẹ̀ ló ń ṣe é. Ẹni tí òùngbẹ ń gbẹ tí a kò rí omi fún, ìyà wo ló tún ju ìyẹn lọ?

Ibi tí ọ̀rọ̀ dé nìyí tí onígbáméjì fi wọ ilé Ràmọ́nì. Àmọ̀kẹ́, ìyàwó rẹ̀, ló kọ́kọ́ mú, kò sì bá a ṣeré rárá, ó pa á lọ́jọ́ kan náà. Wolé-wolé dé, ó dúró lókèèrè, ó ní kí wọ́n tètè sin ín kí wọ́n sì fi ọṣẹ fọ ọwọ́ wọn, ó gun alùpùpù rẹ̀, ó lọ. Òfin kankan ò sí tó ní kí wọ́n má wẹ̀ ẹ́. Ràmọ́nì wá bá Àwáwù pẹ̀lú omijé lójú. "Ìyá Táwà, ẹ dákun, ẹ bá mi ṣe é bó ṣe yẹ."

Àwáwù dé ẹnu ọ̀nà ilé ìwẹ̀, ó sì dúró. Ọ̀rọ̀ Oyèlékè ń dún létí rẹ̀ pé omi ni àrùn náà ń bá rìn. Ìyá Bàṣírù ti gbé igbá dání, ó ń wò ó.

"Ìyá Táwà, ṣé kí n bu omi?"

Àwáwù gbójú sókè. Táwà dúró sẹ́yìn agbada omi, ó gbẹ bí igi ẹ̀ẹ̀rùn.

"Bù ú," ni Àwáwù wí.

Kò tíì wẹ òkú bẹ́ẹ̀ rí. Ó da omi sí Àmọ̀kẹ́ lórí, ó dà á sí i lápá, ó dà á sí i lẹ́sẹ̀, ó tún padà sí orí. Ìyá Bàṣírù ní ó ti tó. Ó ní kò tíì tó. Wọ́n lọ pọn òmíràn, ó tán, wọ́n tún pọn òmíràn. Gbogbo èyí tó dà lórí Àmọ̀kẹ́, orúkọ Táwà ló ń pè sí i nínú ara rẹ̀. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, ilẹ̀ le bí òkúta, kòtò tí àwọn ọkùnrin gbẹ́ sẹ́yìnkùlé kò jìn. Ó kún. Omi náà kún jáde, ó wá ojú ibi tó dagẹ̀rẹ̀, ó ń ṣàn lọ díẹ̀díẹ̀ síbi kànga agbolé, kànga náà kò sì ní ìgànná lẹ́nu. Kò sẹ́ni tó wo ẹ̀yìn wò.

Ràmọ́nì ló kọ́kọ́ tẹ̀lé ìyàwó rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni àwọn ọmọ ilé wọn, àti ìyá arúgbó kan tí kì í jáde. Nígbà tí wolé-wolé padà dé tó rí ọ̀nà tí omi náà gbà, ó ti kànga pa, ṣùgbọ́n Ìyá Bàṣírù ti mu nínú rẹ̀. Òun náà lọ. Àwáwù nìkan ló wẹ̀ ẹ́, kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wọlé, omi díẹ̀ ló lò, ọ̀nà jíjìn ló sì ti ní kí wọ́n gbẹ́ kòtò. Ìgbà yẹn ló ń ṣọ́ra. Ilé ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti jó tán kó tó gbé omi dé.

Láti ìgbà náà, méjì ni wọ́n ń dá a lọ́nà. Táwà dúró létí àmù, gbígbẹ. Ìyá Bàṣírù dúró lẹ́nu ilẹ̀kùn, ó tutù rìnrìn, omi ń kán ní ìka ọwọ́ rẹ̀. Ìkíní ń bèèrè omi, ìkejì ń bèèrè pé kí ló dé tí omi fi pọ̀ tó bẹ́ẹ̀. Àpárá tán lẹ́nu Àwáwù.

Nígbà tí wọ́n tú okùn ọ̀nà, Ràsáàkì wá kí ìyá ìyàwó rẹ̀.

"Ara Táwà yá nígbà tí wọ́n kó wa, màmá. Ìyá mi ni àrùn náà mú. Wọ́n ní gbogbo ará ilé gbọ́dọ̀ wọ ahéré kan náà. Ibẹ̀ ló ti kó o."

Àwáwù ní, "Ìlú yín ńkọ́?"

"Ìlú là, màmá. Lẹ́yìn àwa tí wọ́n kó, kò fi bẹ́ẹ̀ ran ẹnikẹ́ni mọ́."

Ó ń rò ó fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìjọba tòdìkejì kò wo ojú ẹnikẹ́ni, ó mú ọmọ tí ara rẹ̀ yá, ó tì í mọ́ ibi tí ikú wà, ó fi gba ìlú là. Ìjọba tiwa wo ojú wa, ó fi òkú wa lé wa lọ́wọ́, ó ní kí a máa ṣe bó bá ṣe wù wá, a sì ṣe bó ṣe wù wá títí ilé Ràmọ́nì fi di ahoro. Èwo ló dára níbẹ̀? Àwọn ọkùnrin tó ń jiyàn lórí rẹ̀ lójúde mọ́ṣáláṣí máa ń mú ọ̀kan nínú méjèèjì kí wọ́n tó lọ jẹun. Àwáwù kò rí èyí tí òun lè mú. Inú máa ń bí i sí méjèèjì lójoojúmọ́.

Àdìjátù, ọmọ Ìyá Bàṣírù obìnrin, dàgbà tán, ó wá bá a, ó ní òun fẹ́ kọ́ iṣẹ́ tí ìyá òun ń bá a ṣe. Àwáwù sọ ti Táwà tó ń rí fún un, ó sì jẹ́wọ́ ọ̀rọ̀ omi àti kànga. Ọmọbìnrin náà ní òun mọ̀ ọ́n, pé gbogbo agbolé ló mọ̀ ọ́n. Àwáwù sunkún lọ́jọ́ náà ju ọjọ́ tó dé láti ibi okùn lọ. Ó kọ́ ọ, wọ́n sì di ìyá àti ọmọ.

Ìgbà tí àwọn alágbádá gba ìjọba lọ́wọ́ ṣọ́jà ni onígbáméjì tún yọjú ní àwọn abúlé ẹ̀bá ọ̀nà Àgọ́-Àrẹ, ó sì wọ Ṣakí. Dàhòmì ti ń jẹ́ Bẹ̀nẹ̀ nígbà náà, wọ́n tún fa okùn wọn. Tiwa tún sọ̀rọ̀ lórí rédíò. Àwáwù kò dúró de èyíkéyìí nínú wọn. Ó ní òun kò ní fi omi wẹ òkú tí àrùn náà bá pa. Iyẹ̀pẹ̀ ni, aṣọ ni kí èèyàn fi wé ọwọ́, kí wọ́n sun aṣọ náà, kí wọ́n fi ísáàlì apakòkòrò fọ ọwọ́. Inú bí àwọn èèyàn. Wọ́n ní Ìyá Dàhòmì ni, wọ́n ní òun tí kò rí ọmọ tirẹ̀ wẹ̀ ló fẹ́ kí ọmọ gbogbo ayé lọ bẹ́ẹ̀. Àwọn kan gbọ́ tirẹ̀. Àwọn kan lọ pe ẹlòmíràn. Ó ń ti ilé dé ilé, ó ń bẹ̀bẹ̀, ó ń bú wọn, ibẹ̀ ni àrùn náà ti mú òun fúnra rẹ̀.

Ó mọ̀ pé ó ti tán. Ojú rẹ̀ ti wọlé, ohùn rẹ̀ ti di bí ohùn ọmọ ẹyẹ. Àwọn obìnrin ilé ti gbé omi kaná sẹ́yìnkùlé láìsọ fún ẹnikẹ́ni, èéfín rẹ̀ sì ń wọ yàrá. Ó fi ìka pe Àdìjátù.

"Ẹ má fomi kàn mí."

"Rárá o, màmá." Àdìjátù bú sẹ́kún. "Ẹ̀yin tí ẹ wẹ gbogbo obìnrin ìlú yìí? Kí wọ́n wá gbé ẹ̀yin sin báyìí? Mi ò lè ṣe é. Ẹ fi ẹlòmíràn sí i."

"Ẹlòmíràn máa wẹ̀ mí. Ìwọ nìkan ló máa gbọ́ tèmi."

"Màá ṣọ́ra. Omi díẹ̀ ni màá lò, màá gbẹ́ kòtò tó jìn."

"Díẹ̀ náà lèmi fi bẹ̀rẹ̀. Omi díẹ̀. Ó máa ń wu èèyàn kó tún bu sí i."

Àdìjátù nu ojú rẹ̀. "Ẹ̀yin ń rí Táwà láti ọjọ́ yìí wá, màmá. Bí mo bá sin yín láìwẹ̀, ta ni èmi á máa rí?"

Àwáwù wò ó. Ó mọ ohun tó fẹ́ gbé lé ọmọ náà lórí, ó mọ bó ṣe wúwo tó, nítorí kò sí ọjọ́ kan tí òun náà sọ ọ́ kalẹ̀ rí. Ó wá agbára díẹ̀ tó kù lára rẹ̀ jọ.

"Èmi ni wàá máa rí," ló wí. "Ṣùgbọ́n wàá wà láàyè tí wàá fi máa rí mi."

Kí wọ́n tó pe ìrun ọ̀sán, ó ti dákẹ́. Àdìjátù fi aṣọ wé ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì, ó lọ bu iyẹ̀pẹ̀.